Bọ́ọ̀dù pawa tọ́báìnì tó ti gbó: ṣé tuntun inú páálí, tòkunbọ̀, àbí kí ẹ tún tiyín ṣe?

Ọ̀gá kan gbé bọ́ọ̀dù wá bá mi ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé: "Ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?" Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú u kúrò nínú aṣọ náà. Iná tó máa ń ta wá lára aṣọ nígbà ọyẹ́, ó kéré lójú wa, àmọ́ ó lè pa ohun tó ṣì wà láàyè lára bọ́ọ̀dù. Ike tí wọ́n ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa fi wé e.

Kì í ṣe ọ̀gá yẹn nìkan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Tọ́báìnì gáàsì kò ṣàjèjì sí ìpínlẹ̀ Oǹdó: ilé iṣẹ́ iná Ọmọ́tọ̀ṣọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, àwọn ọmọ wa sì ń ṣiṣẹ́ nídìí tọ́báìnì káàkiri. Speedtronic Mark V ti ilé iṣẹ́ GE, kọ́ńtíróòlù tó ń darí tọ́báìnì, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1991 ló jáde. Mark VI àti Mark VIe ti dé lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ṣì ń lò ó. Bọ́ọ̀dù pawa rẹ̀ ni TCPS, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DS200TCPSG1. Ó ń gba iná DC fóltì 125 tó ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá, ó sì ń gé e sí fóltì 5, 15 àti 24 fún àwọn bọ́ọ̀dù tó kù.

Bí ti yín bá jẹ́ alápá mẹ́ta, èyí tí apá R, S àti T ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n sì jọ ń dìbò kí ohun tí méjì bá fẹnu kò sí lè borí, pawa apá kan lè kú kí tọ́báìnì má tírípù, kó má dúró. Ìyẹn ló máa ń mú àwọn kan fọwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ orí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ooru. Bí ọ̀kan bá ti lọ, àwọn méjì tó kù ti ń di ẹrù wọn nìyẹn. Bí R nìkan lẹ ní, kò sí ìdìbò kankan: ó kú, ẹ̀rọ dúró.

Kàpásítọ̀ olómi, páàtì kékeré tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ló sábà máa ń fa ikú bọ́ọ̀dù yìí. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ. Ìṣirò tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 10 dínkù, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n kọ wákàtí 2,000 ní 105°C sí lára, ní 65°C ẹ lè retí bíi 32,000. Ó dún bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ kò tó ọdún mẹ́rin fún ẹ̀rọ tí kì í sùn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń pa éésì yàrá kọ́ńtíróòlù nítorí owó díísù, ẹ ti gbọ́.)

Tuntun inú páálí àti tòkunbọ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí wọ́n bá ní "tuntun ni, a ò tíì tú u rí," inú oníbàárà á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó sábà máa ń wà lára àwọn páàtì inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 9432, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é. Kàpásítọ̀ tó ti sùn láti ìgbà yẹn kò wà bó ṣe wà: awọ tín-ínrín tó ń dá iná dúró nínú rẹ̀ á ti máa jẹrà. Bí ẹ bá ki 125 fóltì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè gbóná, ó lè bẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé fóltì rẹ̀ sókè, kí awọ náà lè tún dì.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Mo bá oníbàárà kan ra ọ̀kan báyìí, ìdè páálí rẹ̀ kò tíì já. Lórí tábìlì, mítà ka fóltì 5 géérégé. Mo gbé ẹrù lé e, ìyẹn ni pé mo so ohun tó ń jẹ iná mọ́ ọn, ó wọlẹ̀ sí 4.6. Ẹni tó tà á ní òun ò gba ọjà padà, pé tuntun lòun tà. Òótọ́ sì ni, tuntun ló tà!

Tòkunbọ̀ tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ ti kàn, tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ olómi rẹ̀, kékeré ni sí ìyẹn ní ti ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "a ti tẹ́ẹ̀sì rẹ̀" kò tó. Ẹlòmíràn á rí i pé gílóòbù kékeré orí rẹ̀ tàn, ó ti tẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé: ẹrù mélòó lẹ gbé lé e, wákàtí mélòó ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹrù, kí sì ni oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sójú gíláàsì, fihàn lórí ìlà fóltì 5? Ẹ gba fọ́tò àwọn kàpásítọ̀ tuntun náà kí ọjọ́ wọn hàn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ní tòótọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ gba wọ́ráńtì oníwèé pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí owó méjèèjì bá súnmọ́ra, tòkunbọ̀ tó ní ìwé ìdánwò ni màá mú. Tuntun inú páálí wúlò fún ẹni tó ní oníṣẹ́ tó lè jí i kúrò lójú oorun.

Kí ẹ tún tiyín ṣe

Èyí ló dínwó jù. Ẹ mọ ìtàn bọ́ọ̀dù yín, jọ́ńpà rẹ̀ (ìdè kékeré tí wọ́n fi ń yan bí bọ́ọ̀dù yóò ṣe ṣiṣẹ́) sì ti wà ní ipò tó yẹ. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni àkókò, torí bí ẹ kò bá ní sípíà, alápá mẹ́ta yín ti di alápá méjì nígbà tó bá wà lórí tábìlì mi. Ìkejì ni kàpásítọ̀ ayédèrú, tó kún ọjà. Ìkẹta ni lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó páàtì mọ́ bọ́ọ̀dù: ti àtijọ́ ń yọ́ ní 183°C, ti òde òní tí kò ní òjé ń yọ́ ní nǹkan bíi 217°C. Èyí tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀dù náà ni kí oníṣẹ́ lò, kó má po méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀nà iná ara bọ́ọ̀dù bá ti jóná dúdú, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ẹ má wulẹ̀ náwó lé e.

Àwọn kan á ní kí a ra pawa fóltì 24 ní Alábà, kí a so ó mọ́ ọn. Èmi kò bá wọn dá sí i. Kì í ṣe fóltì kan péré ni bọ́ọ̀dù yìí ń gbé jáde, kọ́ńtíróòlù sì ń ṣọ́ àwọn fóltì náà.

Kí ẹ yí gbogbo kọ́ńtíróòlù padà

Ẹ lè kó lọ sí Mark VIe, tó wà lọ́wọ́ GE Vernova láti 2024. Ó dára, àmọ́ owó ńlá ni, ẹ̀rọ yóò sì dúró pẹ́. Bó bá jẹ́ pawa nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn bọ́ọ̀dù mìíràn àti kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wo ẹ̀rọ bá ń kú tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ ka nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù yín láti orí dé ìdí, pẹ̀lú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé G gbọ́dọ̀ bára mu. Bí lẹ́tà ẹ̀yìn bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bá tiyín mu. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń dá lé e, ẹ ó sì nílò Form M, ìwé tí wọ́n fi ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun, ní báńkì, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ ìwé àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọjọ́ tí ẹrù yóò fi dé Èkó, kó tó wá gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wọlé. Bó bá dé, ẹ ya fọ́tò jọ́ńpà ti àtijọ́, kí ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ sórí tuntun. Ẹ pa iná, kí ẹ dúró, kí ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní ti ọ̀gá aláṣọ ìnura, kàpásítọ̀ mẹ́rin ti wú lórí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà iná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ń tún un ṣe. Òun náà ti ń wá tòkunbọ̀ kan tí yóò jẹ́ sípíà, ó sì fi àwọn ìbéèrè òkè yẹn ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta tó ń tà á. Ẹnì kan péré ló dáhùn.