Sátidé mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ iná: bí mo ṣe rí ẹ̀kọ́ náà

Ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ni mo ti ń tọ́jú ìwé owó, ní ìhà Ọbantòkó níbí ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kò sí ohun tó ń gba oorun lójú mi tó owó iná àti owó dísẹ̀lì. Ìyẹn ló mú mi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kan lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ìṣàkóso agbára níbi iṣẹ́. Sátidé mẹ́fà, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, nínú yàrá kan ní Ìbarà. ₦45,000 ni mo san, láti àpò ara mi.

Ọjọ́ kìíní ti ṣí mi lójú. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ kílówáàtì sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ iná. Àṣé bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu páìpù ni kílówáàtì. Omi tó ti kún inú dúrọ́ọ̀mù ni kílówáàtì-wákàtí. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yìí ni mítà ń kà, òun náà ni yúníìtì tí a ń rà. Mo délé, mo gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wa láti inú bóhóòlù yẹ̀ wò. Họ́ọ̀sì páwà 5 ni. Họ́ọ̀sì páwà kan jẹ́ 746 wáàtì, nítorí náà 3,730 wáàtì ni tiwa, ohun tó sì ń fà láti ara wáyà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ooru tí mọ́tò ń sọ nù. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó ti lé ní yúníìtì 22. Bí ẹ bá fi ₦225 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé owó yúníìtì kan sí fún àwọn Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán) ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ṣírò rẹ̀, ó lé ní ₦5,000 lójúmọ́ fún ẹ̀rọ omi nìkan. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé kejì dá lórí kVA, ìyẹn gbogbo agbára tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀, àti power factor, ìyẹn ìdá inú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bàjẹ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ 30 kVA la ní. Wọ́n kọ power factor 0.8 sára rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára irú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kílówáàtì 24 ló lè gbé, kì í ṣe 30. Alaalẹ́ la máa ń fi gbogbo rẹ̀ tan fírísà kan àti gílóòbù díẹ̀. Olùkọ́ ṣàlàyé pé bí ẹrù jẹnẹrétọ̀ onídísẹ̀lì bá fúyẹ́ jù, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tó, epo kì í jó tán, á wá máa dúró nínú ẹ́gísọ́ọ̀sì. Wet stacking ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wa ti ń sọ fún wa láti ọdún méjì pé òróró dúdú ń kán lẹ́nu sàìlẹ́ńsà, pé ẹ̀rọ náà kò fẹ́ iṣẹ́ òru yẹn. A kò dá wọn lóhùn, torí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá wọn lẹ́yìn ilé, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní, "Màdáámú, kò tọ́pẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún ọ̀gá."

Ohun tí mo rí sí ẹ̀kọ́ náà nìyí: gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n fi èdè òyìnbó kọ́, àpẹẹrẹ inú ìwé wọn sì jẹ́ ti àwọn ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù. Mélòó nínú àwa tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Wọ́n mẹ́nu ba ISO 50001, ìlànà àgbáyé fún ìṣàkóso agbára tó kọ́kọ́ jáde ní 2011 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, kí a ká ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí ni wọ́n fẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí n mú mítà ilé iṣẹ́ wa wá kí a kà á. Èyí dùn mí gan-an.

Sátidé kẹrin ló gba owó mi padà. Ọjọ́ yẹn ni a kọ́ baseline, ìyẹn iye iná tí ẹ ń jẹ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, àti energy performance indicator, òṣùwọ̀n tó ń fi iná tí ẹ jẹ wé iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Owó nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó nìkan kì í sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tó ń ta omi. Nígbà òjò, ọjà á rọlẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, mọ́tò á ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa kílẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù keje a ṣe àpò omi 14,000, yúníìtì 812 la sì jẹ, ti NẸ́PÀ àti ti jẹnẹrétọ̀ pa pọ̀. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e a ṣe 21,000, a jẹ 1,029. Ọ̀gá rí 1,029, inú bí wọn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Mo fi hàn wọ́n pé yúníìtì 58 la fi ṣe ẹgbẹ̀rún àpò ní oṣù keje, 49 ní oṣù kejì. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un ṣírò fúnra wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ ọ́ sára ògiri.

Iṣẹ́ tó mú un wá sí 49 kò la owó ńlá lọ. Táǹkì òkè tó máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, a fi fúlóòtì sí i kí ẹ̀rọ lè máa kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá, tó máa ń gbóná sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ jẹun, a ń pa á. Ọmọbìnrin tó wà nídìí rẹ̀ ló pe irú iná bẹ́ẹ̀ ní iná àjẹṣòfò, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo wa lẹ́nu ju èyí tí mo kọ́ ní Ìbarà lọ. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé power factor, Bàbá ní, "Àbí bí ìfófó orí ẹmu? Ó gbàyè nínú agbè, kò ṣeé mu." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yìí náà ló wá ní kí a má tan gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ mọ́, torí mọ́tò tí a bá tan tààrà lè fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ìwọ̀n tó ń lò bó bá ti ń sáré. Ní báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń tan wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ọ̀gá fẹ́ rà, wọn kò rà á mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó iná níbi iṣẹ́ yín, ẹ lọ kọ́ ọ. Bí sátífíkéètì nìkan lẹ ń wá, owó yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ kó ìwé owó iná ọdún kan gbáko dání, nítorí baseline tí kò ní òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ nínú á ṣì yín lọ́nà. Ti oṣù méjì péré ni mo mú lọ, mo sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Wọ́n ní ìpele kejì ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé èmi àti Bàbá ni a ó jọ wá, pé kí wọ́n wá ẹni tó lè fi Yorùbá kọ́ wa. Wọn kò tíì fún mi lésì.