Room at the Top: ohun tí Joe Lampton ń wá ló rí gbà

Mo ti wo fíìmù ọmọ tálákà tó fẹ́ fẹ́ ọmọ olówó títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Jack Clayton ló darí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1959. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, n kò sì rí ibi tó yẹ kí n fò.

Joe Lampton, ọmọ òṣìṣẹ́ láti Dufton, ríṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Warnley ní Yorkshire. Ẹ má wulẹ̀ wá Warnley lórí máàpù, Bradford ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi wọ Susan, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Brown tó ni ilé iṣẹ́ ńlá. Aṣọ Joe dáa, bàtà rẹ̀ dáa, ẹnu ló tú u fó. Níbi tí ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ìlú ti ń dánra wò, orúkọ ohun tí wọ́n ń dáná sí, “brazier” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló fẹ́ kà nínú ìwé, ló bá pe “brassiere”, ìyẹn kọ́mú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wo ojú Joe níbẹ̀ dáadáa.

Alice, obìnrin Faransé tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tó sì wà nílé ọkọ, nìkan ni Joe lè bá sọ̀rọ̀ láìdíbọ́n. Simone Signoret ló ṣe é, ó sì gba Oscar lórí rẹ̀. Ó tọ́ sí i! Kì í pariwo, ojú lásán ló fi ń sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìparí, kó dúró níbí. Brown ní òun yóò dá òwò sílẹ̀ fún Joe bó bá gbàgbé Susan. Joe kọ̀. Àfi ìgbà tí bàbá ní Susan ti lóyún, kí Joe yáa fẹ́ ẹ kíá, kó sì jáwọ́ lára Alice. Ibi tí wọ́n ti ń kí Joe kú oríire ní ọ́fíìsì ló ti gbọ́ pé Alice kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Wọn ò fi ìjàǹbá náà hàn wá, ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ la ti gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló mú mi.

Àbùkù wà: Susan ti ṣe bí ọmọdé jù, ohùn Laurence Harvey tó ṣe Joe kò sì jọ ti ará Yorkshire. Ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán rẹ̀, tèmi kò ní, mo sì jìyà rẹ̀.