ThinkPad X250 tòkunbọ̀ nínú kíláàsì Technical Drawing, l'Íléṣà

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bi mí bóyá ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún Technical Drawing (ìyàwòrán ohun tí a fẹ́ kàn tàbí kọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀), ó yẹ o, bí ẹ bá máa jẹ́ kó kúrò lórí tábìlì.

X250 tòkunbọ̀ là ń lò níbí. Ọdún 2015 ló jáde, kò sì wúwo ju bíi kìlógíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn láìpa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ìyẹn nìkan tó torí ẹ̀ rà á. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yọ ti ẹ̀yìn náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ti inú ń gbé e. Ẹni tó tà á fún wa búra pé gbogbo wọn ló dáa. Bẹ́ẹ̀ ti ọ̀kan ò gbáná dúró rárá. Mo lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí òṣómàáló títí ó fi pààrọ̀ ẹ̀. Ṣé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló fẹ́ rẹ́ jẹ ni?

LibreCAD, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, la fi sórí wọn: ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Tinkercad, tí wọ́n ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dùn mọ́ àwọn ọmọ JSS, ṣùgbọ́n dátà ló ń jẹ. Fún FreeCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn tó wúwo jù wọ́n lọ, ẹ wá ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 8GB.

Ibi tí mo ti rí èrè owó wa ni ìdí bẹ́ǹṣì káfíńtà. Àwọn SS2 fẹ́ kan àpótí ìjókòó. Igi tí a rà, "two by two" ni wọ́n ń pè é nísọ̀ pákó. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, ni àwọn ọmọ bá tẹ 50.8 sínú ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó gbé rúlà lé e: 45 péré! Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ihò bí wọ́n ṣe yà á, ńṣe ni ẹsẹ̀ àpótí ì bá máa mì lógìlógì. Wọ́n yí ìwọ̀n náà padà lójú ẹsẹ̀, kò sí pé à ń fi rọ́bà pa bébà títí tó fi ya.

Ojú ẹ̀rọ tiwa kéré, pixel (àmì ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde) 1366 × 768 ni. Ọmọ méjì ló gbà, ẹlòmíì tó bá kún wọn, òǹwòran ni. Ẹ ra máòsì pẹ̀lú, torí kò sẹ́ni tó lè fi ìka ya ìlà tó já geere lórí pátákó ìfọwọ́rà yẹn.

Ẹ má sì kó T-square, rúlà olórí T tí a fi ń yàwòrán lórí bébà, dànù. Orí bébà ni àwọn ọmọ ti ń ya àwòrán ìdánwò WAEC, ọmọ tí kò bá mọ first angle (ọ̀nà tí a fi ń to àwòrán iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ ohun kan) lórí pákó ìyàwòrán, LibreCAD ò ní mọ̀ ọ́n fún un.

Ẹ gba ṣájà tirẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ rí gbọọrọ bí igun mẹ́rin, ṣájà olójú róbótó tẹ́ ẹ ní nílé ò lè wọ̀ ọ́.