Wáìfáì tàbí wáyà: èwo ni ká so ọmọlangidi ìkọ́ṣẹ́ mọ́?

Níbi tí mo ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rí l'Ábùjá, Wáìfáì tí gbogbo ọgbà ń lò la so ọmọlangidi tó ń mí, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú bíi pé aláìsàn ni, mọ́. Ó rọrùn lóòótọ́: o lè jókòó sí yàrá kejì kó o dá ọkàn "aláìsàn" dúró. Àmọ́ ìyá alákàrà ẹnu géètì gan-an mọ páswọ́ọ̀dù wa.

Lọ́dún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì South Alabama ní Amẹ́ríkà já PIN WPS (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń wọ Wáìfáì láìtẹ páswọ́ọ̀dù) lára ráútà ọmọlangidi iStan, wọ́n sì tún gé e kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni PIN yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì-ìdajì ni ráútà ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà nǹkan bí 11,000 ìgbìyànjú ti tó. Kò sì ń rẹ kọ̀ǹpútà.

Wáyà máa ń kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, kò sì jẹ́ ká gbé ọmọlangidi jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dà á rú á wọ yàrá wá, níṣojú wa. Fíláàṣì nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé.

Wáyà lèmi máa mú. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo Wáìfáì, ẹ fún un ní ráútà tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa WPS.