Ọkọ́, àdá àti ẹ̀rọ ìgékoríko kékeré: èyí tí ó yẹ kí a náwó lé lórí

Koríko kápẹ́ẹ̀tì ni a gbìn sí iwájú ilé wa ní Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé sì ni a ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata sí. Ibi tí koríko wà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 30 lọ, síbẹ̀ owó tí ẹni tí ń bá wa gé e ń gbà kò dúró lójú kan mọ́ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nítorí pé gbogbo ìgbà tí epo bá ti gbówó lérí ni òun náà ń fi kún tirẹ̀. Èyí ni mo rò tí mo fi pinnu láti ra irinṣẹ́ tèmi. Mo ti ń lò wọ́n bọ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú wọn mọ̀ ni pé kí ó yẹ ibi tí irin ti wọ igi wò dáadáa kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ èyí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú wa níbí ni mo ti kọ́kọ́ ra ṣọ́bìrì, réèkì àti ọkọ́ kékeré tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá, tí ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara wọn ń dán, tí owó wọn sì wọ́n níwọ̀nba. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ láti kọ ebè, ọrùn rẹ̀ sì ká bí ìgbà tí ènìyàn ká ewé. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ni mo rí i pé irin náà kò nípọn ju páànù lọ, pé ńṣe ni wọ́n kàn lọ́ ọ mọ́ igi, tí wọ́n sì fi ìṣó kan ṣoṣo kàn án. Ọlọ́jà sọ fún mi pé ọjà tí ó bá ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kì í padà mọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn méjì yòókù náà fi bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni mo gbà lọ lẹ́yìn náà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ògbólógbòó sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni ó fi rọ ọkọ́ tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá fi èékánná ta á, ó ń dún kooro. Igi rẹ̀ wọ ihò irin dáadáa, bí ó bá sì fẹ́ máa mì lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, mo máa ń rẹ orí rẹ̀ sínú omi mọ́jú, igi á wú, á sì di irin mú ṣinṣin. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, alágbẹ̀dẹ náà ni yóò tún un lù. Ta ni yóò bá wa tún ọkọ́ inú ọ̀rá rọ?

Ní ti àdá, èyí tí ó ní àwòrán ọ̀nì lára, tí ilé iṣẹ́ Martindale ti ìlú Birmingham sọ di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, ṣì ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Mo máa ń fi ẹnu àdá ti ilẹ̀, kí n sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ dára á padà nà gbọọrọ, ṣùgbọ́n èyí tí kò dára á wọ́ síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti ra fáìlì tí ẹ ó fi máa pọ́n ọn. Réèkì kò ní wàhálà púpọ̀, bí eyín rẹ̀ bá ṣáà ti jẹ́ irin tí a jó pọ̀ dáadáa, ó ti tó.

Ẹ̀rọ ìgékoríko ni ó gba ìrònú jù. Mo yọ ti oníná kúrò lórí àkọsílẹ̀ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé a kò lè máa wo ojú NẸ́PÀ kí a tó gé koríko. Aládùúgbò mi kan yá mi ní ti oníbẹntiróòlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lágbára lóòótọ́, ó sì yára, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ káàkiri, bí epo bá sì pẹ́ jù nínú rẹ̀, kábúrétọ̀ á dí, iṣẹ́ mẹkáníìkì á sì bẹ̀rẹ̀.

Eléyìí tí a ń fi ọwọ́ tì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, ni mo rà níkẹyìn. Edwin Beard Budding, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní agbègbè Stroud ní ọdún 1830, nígbà tí ó rí ẹ̀rọ tí àwọn aláṣọ fi ń gé irun ojú aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀. Abẹ márùn-ún ni ó ń yí lára tèmi, tí wọ́n ń ha irin pẹlẹbẹ kan tí ó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ń gé koríko bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì ń gé aṣọ. Nítorí náà ni ẹnu koríko kì í fi í ya, tí kì í sì í pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ kejì. Láti mọ̀ bóyá ó mú, mo máa ń fi bébà há àárín abẹ àti irin náà, kí n sì fi ọwọ́ yí i. Ó gbọ́dọ̀ gé bébà náà láìfà á ya. Bí ó bá kú, mo máa ń fi ohun oníyanrìn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnnì kun abẹ rẹ̀, kí n yí i sẹ́yìn títí ẹnu yóò fi padà.

Ó ní àléébù, mi ò sì ní fi í pamọ́. Nígbà òjò, bí mo bá fi ju ọjọ́ méje lọ kí n tó gé koríko, ó ti ga jù fún un nìyẹn. Orí tẹ́ẹ́rẹ́ tí koríko kápẹ́ẹ̀tì fi ń so èso máa ń tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń kọjá, tí ó bá sì ti kọjá tán á tún dìde; langalanga ni mo fi ń gé ìyẹn. Igi máńgòrò wẹ́wẹ́ máa ń há a lẹ́nu. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ tó odindi pulọ́ọ̀tì, tàbí tí ẹ̀kan àti eèsún bá pọ̀ níbẹ̀, kí ó má wulẹ̀ rà á. Ti oníbẹntiróòlù tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí a kì í po mọ́ epo, ni kí ó rà.

Ohun kan ṣoṣo tí ó dùn mí ni eyín rọ́bà kékeré inú táyà ẹ̀rọ àfọwọ́tì tèmi yìí tí ó jẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Ẹni tí ó tà á fún mi kò ní pààrọ̀ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí a ti lè rí i rà. Ẹ béèrè nípa èyí kí ẹ tó sanwó. Onírin kan ni ó fi irin gbẹ́ òmíràn fún mi, òun náà ni ó ṣì wà lára rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì gé koríko ní àárọ̀ òní.