Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ọ̀rá píọ́wọ́tà ṣe: ó yẹ iwájú ilé, kò yẹ títì

Oríṣi íńtálọ́ọ̀kì, òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, kan wà tí wọn kì í fi sìmẹ́ńtì ṣe. Ọ̀rá píọ́wọ́tà ni wọ́n ń yọ́, wọ́n á ro yanrìn mọ́ ọn, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù. Fún iwájú ilé tàbí iwájú ìsọ̀ ní Kàbbà, Ìyàrà, Mọ́pà tàbí Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ó tó rà, a sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ àwọn tó ń polówó rẹ̀ ń sọ pé òun ni yóò gba gọ́tà ìlú lọ́wọ́ ọ̀rá, tí yóò sì tún títì ṣe. Ibẹ̀ la ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹyọ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó fẹ̀ ní 10, tó nípọn ní 6, á wọn bíi kílò 2: ìdajì kílò ọ̀rá, ìyókù yanrìn. Ọ̀rá píọ́wọ́tà gbígbẹ kan ò ju bíi gíráàmù 2 lọ, nítorí náà nǹkan bí ọ̀rá 250 ló ń wọnú ẹyọ kan. Iwájú ilé tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, á gba ẹyọ 1,000. Ọ̀rá 250,000 nìyẹn!

Iye yẹn á dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti rí gọ́tà ọjà lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣa ìdajì tọ́ọ̀nù ọ̀rá, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sá a? Iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn, yíyọ́ kò tó nǹkan. Ọ̀rá tí ẹrẹ̀ tàbí ọbẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ kì í di yanrìn mú, omi tí wọn yóò sì fi fọ̀ ọ́ máa ń wọ́n nígbà ọyẹ́. Ìdí tí irin àlòkù kì í fi í pẹ́ nílẹ̀ láàárín ìlú nìyí: téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbé kílò 1 irin, ṣùgbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà 500 kó tó rí kílò 1 ọ̀rá. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ kí ètò àlòtúnlò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti inú gọ́tà. Kó gbé àpò sí gáréèjì, ilé ìjọsìn àti ibi òde ìnáwó, níbi tí ọ̀rá ti ṣì mọ́.

Yíyọ́ rẹ̀ kò ṣòro, àmọ́ àṣìṣe ibẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Ọ̀rá yìí ń yọ́ láàárín 110 sí 130 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ike mínírà kò ní yọ́ títí yóò fi kọjá 240, nítorí náà kí wọ́n má fi í kún un. Páìpù PVC burú jù, èéfín rẹ̀ ń jó ojú àti ọ̀fun. Yanrìn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì jọ̀ ọ́: tí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò hó, yóò ta sí òṣìṣẹ́ lára, ihò á sì kún inú òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń da yanrìn sí i, tí wọ́n ń rò ó bí ẹni ń roka, títí kókó á fi tán. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, etí á máa rún. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, á máa tẹ̀ nínú oòrùn, á sì máa yọ̀ lójò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fọ́ ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí ihò, tàbí ọ̀rá funfun tí kò yọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé òmíràn sínú oòrùn ọ̀sán fún wákàtí 2, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ ìdúró (sítáńdì) ọ̀kadà lé e. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá wọlé, ọ̀rá ti pọ̀ jù.

Bí ẹ bá ń tẹ́ ẹ, ẹ lu ilẹ̀ pupa sẹ̀ǹtímítà 10 kó le, kí ẹ da yanrìn odò sẹ̀ǹtímítà 5 lé e, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì di etí rẹ̀ yíká. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sílẹ̀ láàárín ẹyọ sí ẹyọ. Oòrùn ń mú un wú ju sìmẹ́ńtì lọ, láìsí àlàfo, àárín rẹ̀ á ru sókè.

Ibi tí tírélà tó ń ru sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ọbájànà ń gbà, íńtálọ́ọ̀kì sìmẹ́ńtì ni kí ẹ tẹ́. Ohun tó bá wúwo tó sì pẹ́ lórí òkúta ọ̀rá ń jìn ín wọlé, kì í sì í padà. Ẹ má gbé ààrò àkàrà tàbí iná súyà lé e, kí ẹ má sì sun pàǹtírí nítòsí rẹ̀, nítorí ó ń gbaná. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, oòrùn á máa bó ojú rẹ̀, ìyẹ̀fun ọ̀rá á sì bá àgbàrá lọ. Ẹ lo ibi tí igi tàbí òrùlé bá ti ṣíji bò ó.

Ẹ bi oníṣòwò náà bóyá yóò gba àfọ́kù padà. Wọ́n lè yọ́ àfọ́kù mọ́ ọ̀rá tuntun, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un yọ́ lágbára rẹ̀ ń dínkù, nítorí náà kó má pọ̀ jù nínú àpòpọ̀. Bó bá ní òun kò gbà á, ẹ béèrè ibi tí àfọ́kù yóò gbà lọ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.