Mercedes C-Class tàbí BMW 3 Series: kí ẹ tó kówó lé tòkunbọ̀ Jámánì

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1959, díẹ̀ ló kù kí Mercedes gbé BMW mì. Àwọn onípìn-ín ìdókòwò BMW péjọ ní Munich lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n sì gbé síwájú wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí Daimler-Benz, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Mercedes, gba iléeṣẹ́ wọn. Gbèsè ti mu BMW dé ọrùn. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń ṣe wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Isetta kékeré, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú bíi ti fíríìjì, kò sì mú èrè tó lè gbé iléeṣẹ́ ró wọlé. Wọn ò ní ọkọ̀ gidi kankan láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wọn ta ọkọ̀ àtàwọn onípìn-ín kéékèèké yarí kanlẹ̀, ìpàdé sì tú láìsí ìfọwọ́sí. Herbert Quandt, tó ní ìpín ńlá níbẹ̀, wá fi owó rẹ̀ dúró tì í. Lọ́dún 1961, wọ́n gbé BMW 1500 jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Frankfurt. Kò tóbi jù, kò kéré jù, ara rẹ̀ sì yá. Ìdí rẹ̀ ni 3 Series tí à ń rí lójú títì lónìí ti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀: "Ṣebí Jámánì náà ni méjèèjì, èyí tí owó mi bá ká ni màá gbé." Jámánì ni lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ilé kan ń lé láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ìkejì ń lé. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, àmì iwájú ọkọ̀ nìkan ló máa fi owó rẹ̀ rà.

Àwọn méjì tí mo fẹ́ fi wéra ni èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi jù nínú tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà dé: C-Class tó jáde láàárín 2007 sí 2014, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní W204, àti 3 Series tó jáde láàárín 2005 sí 2011, tí wọ́n ń pè ní E90. Tuntun ju ìwọ̀nyí lọ wà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú owó oṣù lè tó.

Ilé oníràwọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Mannheim, kọ̀wé béèrè kí ìjọba fọwọ́ sí i pé òun lòun ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ẹ́ńjìnì rìn. Àmọ́ Bertha, ìyàwó rẹ̀, ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá ra Mercedes mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, obìnrin yìí kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, ó gbé ọkọ̀ náà jáde láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì wà á dé Pforzheim lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìrìn náà ju 100 kìlómítà lọ. Kò sí ilé epo níbì kankan láyé nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ apoògùn kan ní Wiesloch ló ti ra epo tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, tó dà á sínú ọkọ̀. Ọ̀nà epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú u. Bíréékì onígi jẹ, ó ní kí aránbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Níbi tí òkè bá ga, àwọn ọmọ ló ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí náà nígbà tó délé, wọ́n fi jíà mìíràn kún un. Ìyá ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ dán ọkọ̀ yìí wò lójú ọ̀nà jíjìn, bíréékì sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ tún ṣe lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lára Mercedes títí di òní.

Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach náà ń ṣe tiwọn ní Cannstatt lọ́tọ̀. Emil Jellinek, tó ń bá wọn ta ọkọ̀ fún àwọn olówó ní Nice, ló béèrè ọkọ̀ tuntun tó lágbára, tó sì ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é: Mercédès. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta dé ní 1909, ó dúró fún ilẹ̀, omi àti òfúrufú. Ní 1926, ilé Benz àti ilé Daimler di ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Béla Barényi, onímọ̀ẹ̀rọ wọn. Ní ayé tí gbogbo èèyàn gbà pé ọkọ̀ tó le gbagidi ló dáa, ó ní rárá: ẹ jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn rún wọlé kí wọ́n gba agbára ìkọlù, kí yàrá tí èèyàn jókòó sí nìkan le. Ní 1959, ọdún tí wọ́n fẹ́ gba BMW gan-an, wọ́n gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ báyìí jáde. Ní 1978, àwọn àti Bosch gbé ABS sínú S-Class, ọkọ̀ ńlá wọn, kí táyà má bàa gan pa bí ẹ bá tẹ bíréékì lójijì. Àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn tẹ̀ lé e ní 1981. Gbogbo ọkọ̀ tí à ń wà lónìí ló ń jẹ nínú ọbẹ̀ yìí, tó fi mọ́ BMW.

Ilé aláwọ̀ búlúù àti funfun

BMW kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ilẹ̀ rárá. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ń ṣe nígbà ogun àgbáyé kìíní. Búlúù àti funfun inú àmì wọn, àwọ̀ ìpínlẹ̀ Bavaria ni. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú tí gbogbo ayé ń sọ kọ́. Nígbà tí àdéhùn Versailles ní kí Jámánì má ṣe ẹ́ńjìnì òfúrufú mọ́, wọ́n yíjú sí ọ̀kadà, wọ́n sì gbé R 32 jáde ní 1923. Ní 1928 ni wọ́n ra iléeṣẹ́ kan ní Eisenach tó ń ṣe Dixi, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ Austin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1933, BMW 303 kó ohun méjì dé tí kò tíì kúrò lára wọn: ihò méjì iwájú tó dà bíi kíndìnrín, àti ẹ́ńjìnì tí sílíńdà mẹ́fà rẹ̀ tò lórí ìlà kan.

Ẹ̀rọ ló ṣáájú níbí, ìjókòó ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

(Mi ò ní fò ó: nígbà ogun àgbáyé kejì, ilé méjèèjì lo àwọn tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́, títí kan àwọn tí ìjọba Nazi kó sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Ó wà nínú ìtàn wọn, kò sì yẹ kí ẹni tó ń yìn wọ́n fi pamọ́.)

Lórí ìjókòó àti lórí títì

Ẹ mú C300, ọ̀kan nínú C-Class, àti 328i, ọ̀kan nínú 3 Series, nítorí àwọn ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọlé. Ẹ́ńjìnì lítà 3.0 ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lára méjèèjì. Agbára ẹṣin 228 ni ti C300, 230 ni ti 328i. Lórí ìwé, ìbejì ni wọ́n. Ẹ wọlé, ẹ tan wọ́n, ẹ ó rí i pé ìbejì kọ́.

Sílíńdà mẹ́fà ti Mercedes là sí méjì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀, ó ń ti ọkọ̀ lọ láìkánjú. Ti BMW tò gbọọrọ, ó sì ń yí bíi kí ẹ da epo pupa sínú abọ́. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ń kọrin. Wọ́n pín ìwúwo E90 sí nǹkan bí ìdajì níwájú, ìdajì lẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ gbé bátìrì lọ sínú búùtù nítorí ìyẹn. Sítíárìn rẹ̀ le lọ́wọ́, ó ń sọ ohun tí táyà ń fojú rí fún yín. Mo ti wa ọ̀kan láti Ìbàdàn dé Iléṣà ní òwúrọ̀ kùtù, gbogbo kọ́nà ibẹ̀ ni mo gbádùn.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbádùn tiẹ̀. Táyà tí E90 ń bá jáde láti iléeṣẹ́ ni èyí tó ṣì lè rìn tó 80 kìlómítà bí afẹ́fẹ́ bá ti tán nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ le, gbogbo kòtò ló ń kan ìdí. Nítorí táyà yìí náà ni wọn ò ṣe fi táyà ìpààrọ̀ sínú búùtù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yọ ọ́ fún táyà lásán, ó sì ń tu ọkọ̀ náà lára, àmọ́ ẹ wá ibi tí táyà ìpààrọ̀ máa wà. Nínú C300, ilẹ̀kùn tì pẹ̀lú ohùn tó wúwo, ìjókòó gba ẹ̀yìn dáadáa, kòtò sì jìnnà sí yín. Ẹ̀yìn méjèèjì há fún àgbàlagbà mẹ́ta. Ní ti dáṣíbọ́ọ̀dù, Mercedes tó jáde kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2011 ní rọ́bà líle tó pọ̀ jù fún orúkọ tó ń jẹ́. Bí owó yín bá gbé e, ẹ wá èyí tí wọ́n ti tún ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò fi ń gbé 4MATIC ti Mercedes ga. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa ọkọ̀ náà, yìnyín ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yà tó lè bàjẹ́ ló kàn fi kún ọkọ̀, ó tún fi epo ṣòfò. Pàtàkì jù, ọkọ̀ tó ti gbé ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín, abẹ́ rẹ̀ lè ti dípẹtà. Bí ẹ bá rí C300 tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ohun tó ń jẹ owó

Ẹni tó ra ẹṣin mọ̀ pé koríko ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Méjèèjì ní tiwọn.

Ní ti Mercedes, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ́ńjìnì M272, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ C300, ní nǹkan bí 2004 sí 2006, ní jíà kékeré kan nínú tó ń tètè jẹ, gbígbé ẹ́ńjìnì sọ̀ ló sì máa ń yọrí sí. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ W204 ti kúrò nínú wàhálà yẹn, àmọ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wò ó. C250 onítọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára) lítà 1.8 dùn lẹ́nu nítorí epo, ṣùgbọ́n ṣéènì rẹ̀ àti jíà tí ṣéènì ń fà máa ń jẹ. Bí ó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tan án, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti sítíárìn pa náà ń kú lójijì. Bí ó bá kú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ ò ní tan, wọ́n á sì ní láti fi kọ̀ǹpútà mú tuntun mọ ọkọ̀ náà.

Ní ti BMW, ọ́ìlì ló ń kọ́kọ́ jò. Ó ń jò láti ìdérí orí ẹ́ńjìnì àti láti ìdí fílítà ọ́ìlì. Kì í pa ọkọ̀ bí wọ́n bá tètè dí i, ṣùgbọ́n E90 328i kò ní irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nìkan ló ń sọ iye tó kù. Ẹni tó bá ti mọ́ra láti fà á yọ kó fi àkísà nù ún, kó mọ̀ ṣáájú. Ìkejì ni pọ́ǹpù omi. Iná mànàmáná ló ń yí i, kì í ṣe bélíìtì, ó sì lè dákẹ́ láìjẹ́ pé ó kìlọ̀. Bí ìtàn ọkọ̀ ò bá sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ fẹ́ san. Kódà bátìrì tuntun, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. 335i onítọ́bò méjì yára bí ìjì, mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á bíi ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní: pọ́ǹpù epo rẹ̀ ní wàhálà tó gbajúmọ̀.

Ní Ládípọ̀, ẹ ó rí ẹ̀yà ara méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé mẹkáníìkì tó mọ Mercedes dénú pọ̀ ju èyí tó mọ BMW lọ, pàápàá tí ẹ bá ti kúrò ní Èkó. Ẹ wá mẹkáníìkì yín kí ẹ tó wá ọkọ̀.

Tí ó bá jẹ́ èmi

Tí mo bá ní ìyàwó, ọmọ méjì àti ìyá tó ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, C300 ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ni màá wá, n ò ní wo BMW lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá ń dá wa ọkọ̀ mi, tí ọ̀nà jíjìn sì jẹ́ ìgbádùn fún mi, 328i ni, pẹ̀lú owó pọ́ǹpù omi tí mo ti yà sọ́tọ̀ lọ́wọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọkọ̀ tó rin ìrìn púpọ̀ tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé sàn ju èyí tí máìlì rẹ̀ kéré tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ gba nọ́ńbà ṣáásì lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ fi wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti ní jàǹbá tàbí omi ti gbé e ní Amẹ́ríkà. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní àárọ̀, láìjẹ́ kí oníṣòwò mọ àsìkò tí ẹ ń bọ̀. Kí wọ́n tó tan ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti ń gbóná, wọ́n ti tan án dè yín. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà wá lọ́la.